Ìlà Kẹrin

Olórí akọrin na ọwọ́ sókè, orin dá.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ó sọ fún atẹdùùrù, “ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹsẹ kìíní àti ìkejì. Kí ló dé tí ìkẹta ò ju mẹ́ta lọ? Mo ti bá wọn fi ọ̀kan kún un. Ọ̀la ni Kérésì, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀.”

“Má dán an wò!” ìyá kan ké láàárín àwọn akọrin. “Àlùfáà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Ọ̀run la ó ti kọ ìlà yẹn.”

“Ẹ̀yin tí ohùn yín kì í bá tiwa mu láyé ńbí?” akọrin mìíràn fi dá ìyá náà lóhùn.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Atẹdùùrù ò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó mi ló dá orin náà,” ó wí, bí ẹni ń ka ìkéde. “Ó fi ń rẹ ọmọ wa lẹ́kún ni. Torí pé ọmọ jòjòló wà nínú ẹ̀ ni ìjọ fi sọ ọ́ di orin Kérésì. Àyà ń dun ọmọ náà. Bí ìyá ẹ̀ bá kọ ìlà mẹ́ta, á dákẹ́, á gbé etí lé e láyà. Tó bá gbọ́ pé ó ń mí, á kọ ìkẹrin.”

Olórí akọrin wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Ó mú rọ́bà, ó pa ìlà tó fi pẹ́ńsù kọ rẹ́.

“Ẹsẹ kẹta,” ni atẹdùùrù wí. “Ẹ rọra.”

Wọ́n kọ ìlà mẹ́ta, wọ́n dákẹ́. Bàbá gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, ó tẹ orí ba, ó ń fetí sílẹ̀.