Ẹsẹ̀ Kan fún Ogójì Ojú-Ìwé

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún ẹni tuntun náà láti fi hàn pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí dọ́kàn, torí jíjókòó sílé ti sú u, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojúsàájú ni wọ́n fi gba òun.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni ogójì ojú-ìwé tí ilé iṣẹ́ oníbàtà kan ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orí tirẹ̀ lókè àti ẹsẹ̀ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù bá yí padà, ibi ogójì ni wọ́n á ti tún un kọ.

“Ohun tó bá ti hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, inú fáìlì àjọlò ni kí ẹ kó o sí,” ni ọ̀gá wí. “Orí kan, ẹsẹ̀ kan, kí gbogbo wọn máa yá a lò.”

“Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.”

Ọ̀gá họ ọrùn, ó yára wọlé.

Ọ̀gá yìí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì nítorí gíláàsì ojú rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, máa ń sọ pé ojú ọ̀gá nìkan tó láti pa kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tuntun wo abọ́ tó wà lórí tábìlì ọ̀gá.

“Ẹ ò tíì jẹun.”

Kíá ni ọ̀gá ṣí abọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán. Onígíláàsì lanu sílẹ̀.

Ẹni tuntun ò kánjú. Ó ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, títí kan ti ọ̀gá. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ku ìlà kan péré nínú ẹsẹ̀: orúkọ ẹni tí wọ́n máa béèrè ní ọ́fíìsì wọn bí ojú-ìwé kan bá níṣòro. Ó tẹ̀ ẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé báàgì, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn pé jọ. Ogójì ojú-ìwé ló ṣí, ogójì ló dán.

“Ẹ yege,” ni ọ̀gá wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín.

Onígíláàsì wo ìsàlẹ̀. “‘Ẹ béèrè Àmọ̀kẹ́.’ Ta ló ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́ níbí?” Ó ṣí òmíràn. Àmọ̀kẹ́. Òmíràn. Àmọ̀kẹ́.

Ọ̀gá fọwọ́ méjèèjì bojú: “Ẹ̀yin màmá mi yìí, ṣebí a ti jọ sọ ọ́ pé ẹ ò ní fi oríkì pè mí níbi iṣẹ́?”