Kabusa Nìkan Ló Já

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí Kabusa já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀ka mẹ́jọ yòókù tí ilé oògùn náà ní ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Diméjì, tó ń bójú tó súìṣì, ẹ̀rọ tó so àwọn ẹ̀ka pọ̀, ní olú ilé-iṣẹ́ ní Lokogoma, dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Adésànyà fi dé ẹnu ọ̀nà. "Kai! Oníbàárà ti kún Kabusa, wọn ò lè ta pánádóòlù lásán! Pè wọ́n jàre."

Ẹ wo wàhálà. Waliyat ló ń bójú tó súìṣì ní Kabusa, àfẹ́sọ́nà Diméjì, tí kò gbé ìpè rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Diméjì, tí wọ́n bí sí Abuja tí wọ́n tọ́ sí Abuja, ló lọ kí ìyá Waliyat ní ṣọ́ọ̀bù àga wọn ní Kugbo, tó dúró ṣánṣán, tó na ọwọ́: "Gúdù mọ́nìn, mà." Níwájú gbogbo káfíńtà! Ìyá wo ọwọ́ náà, wọn ò gbà á. Waliyat ní kó padà lọ dọ̀bálẹ̀. Diméjì ní ayé ti là. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tó ń bẹ̀rù pé ìgbéyàwó ti bọ́ nìyẹn.

Ó pè. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí Waliyat fi gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Diméjì."

"Ẹ" yẹn dùn ún ju àìgbé ìpè lọ.

"Súìṣì tibẹ̀ ò dá tèmi lóhùn," ni Diméjì wí.

"Bóyá ẹ̀yin lẹ tẹ nǹkan."

Ó ṣeé ṣe. Lórí súìṣì rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó ẹ̀ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí; ohun tó bá tẹ̀ fún ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló ń gbà á, ó sì fọwọ́ kàn án lánàá. Bẹ́ẹ̀, súìṣì méjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ àfi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kọ èkejì sílẹ̀ bí aládùúgbò, tí páásìwọ́ọ̀dù wọn sì bára mu. Diméjì ka nọ́ńbà súìṣì tirẹ̀ fún Waliyat, ó ka ti Kabusa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta di ogún.

"Ẹ tún un kà," ni Waliyat wí.

"Waliyat, mo ṣì í ṣe. Mo gbéra ga sí ìyá ẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, kí gbogbo káfíńtà Kugbo wá wò ó. Jọ̀ọ́."

Diméjì gbọ́ tí Waliyat sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù.

"Màá tún páásìwọ́ọ̀dù tẹ̀ níbí," ni Waliyat wí fún un. "Dúró."

Kabusa padà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀gá Adésànyà mí kanlẹ̀, ó ní kí Diméjì kọ ohun tó fa ìjákulẹ̀ náà ránṣẹ́ sí òun kó tó di ọ̀sán.

Diméjì ṣí àkọsílẹ̀ súìṣì Kabusa láti wá àṣìṣe tirẹ̀, ó sì rí i pé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, Waliyat ti fọwọ́ ara rẹ̀ yí páásìwọ́ọ̀dù padà sí "dimejipemi".