Root Kì Í Ṣe Ará Ilé Wa

Àǹtí Bilqis já wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti díráìfù kékeré tí wọ́n ń kó fídíò sí.

"Mo fọ́màátì díráìfù yìí lórí Linux inú láptọ́ọ̀pù mi, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Ní báyìí, ó ní mi ò láṣẹ láti kó nǹkan kan sí i."

"Àǹtí, orúkọ root ló wà lára ẹ̀. Òun lọ̀gá inú kọ̀ǹpútà."

"Ọ̀gá ta ni? Ṣé ilé wa ló ń gbé ni? Yọ ọ́, fi orúkọ mi sí i."

Mo tẹ chown, àṣẹ tó ń pààrọ̀ ẹni tó ni nǹkan, mo fi orúkọ wọn rọ́pò ti root. Ó gbà.

Wọ́n kó fídíò ìgbéyàwó tiwọn sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Fídíò ìgbéyàwó ìyàwó tuntun. Ẹbí ń bọ̀ wá wò ó lónìí. Ọkọ mi ní kí èmi ìyálé bá òun tọ́jú ẹ̀.

"Mo ti bá a tọ́jú ẹ̀."