Ilé-Ìwé Kẹtàlá Lọ́dún Yìí

Ilé-ìwé kẹtàlá tó ti wá bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ rèé lọ́dún yìí, ó sì ti rẹ ẹnjiníà obìnrin yìí tẹnutẹnu.

Ó ti sọ̀rọ̀ títí àgbọ̀n ń ro ó. Síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ tí ọkùnrin ń ṣe, obìnrin lè ṣe é."

Àwọn ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, afárá wo lẹ ti kọ́?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹnjiníà.

Ọdún mẹ́fà ló ti lò nílé iṣẹ́ wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ kọ́ afárá, ọ̀gá rẹ̀ á ní, "Àǹtí wa, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Lọ bá wa gba àwọn ọmọbìnrin níyànjú nílé-ìwé."

"Kò tíì sí, ọmọ mi," ló dáhùn. "Wọn ò jẹ́ kí n débi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá rí."



Ó jókòó, ó yọ fóònù, ó kọ̀wé sí ọ̀gá: "Lọ́jọ́ Ajé, ibi afárá lẹ ó ti rí mi. Ẹ wá ẹlòmíràn tí á máa sọ̀rọ̀."

Ó kà á sí àwọn ọmọbìnrin náà létí kó tó fi ránṣẹ́.