Ìdajì Iṣẹ́

Ọ̀gá Dídán ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn dán iná iwájú ọkọ̀ tó bá ti ṣú. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí oníbàárà kankan kì í fi jọ ọ́ lójú. Ẹni tó ń wakọ̀ tí kò mọ bí iná ṣe ń dán, ẹrù lásán ni lójú tiẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, inú ń bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀la ló máa gbé ìyá rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ̀ kan ló gbá ìyá náà ní àṣálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Awakọ̀ ọ̀hún kò yọjú rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń rán wá kí wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé fóònù ni awakọ̀ náà ń tẹ̀. Ìyá kò béèrè ju pé kí awakọ̀ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò wo iwájú, kí àwọn aládùúgbò lè yéé sọ pé arúgbó ló ṣì rìn.

"Tí mo bá rí awakọ̀ yẹn ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la," ó sọ fún aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, "kó tó lanu ni màá ti mọ̀ ọ́n. Irú wọn ò fara sin fún mi."

Ọkùnrin kan wá páàkì. Iná ọkọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣú. Ọ̀gá Dídán yọ ṣùtì, ó fi téèpù bo ara ọkọ̀ yí iná ká, ó ki sáńpépà bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Kò pẹ́ tí iná méjèèjì fi funfun bíi fèrèsé tí wọ́n fi ọṣẹ kùn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: sáńpépà á kọ́kọ́ bà á jẹ́, pólíìṣì á wá tún un ṣe.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí.

"Kí ló tó? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Pólíìṣì ló kù."

"Ṣé tí mo bá gbé e lọ báyìí, bó ṣe máa wà nìyẹn?"

"Bó ṣe máa wà nìyẹn! Bí erin bá dúró níwájú yín, ẹ ò lè rí i."

"Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣí téèpù, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó nu iná náà gbẹ, ó sì wa ọkọ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọ̀gá Dídán pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí ọ̀dẹ̀! Mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Bóyá ó ń kánjú ni," ni aránṣọ wí.

"Kánjú wo? Àgbàyà tí ò mọ iná tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣú! Irú wọn ló ń gbá èèyàn kiri."

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó ń sín ọkùnrin náà jẹ. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ arọ ti ìyá rẹ̀ wọ ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, oníbàárà àná ló rí tó na ìka sí iná ọkọ̀, tó ń ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé bó ṣe ṣú láti ọdún tó kọjá nìyẹn, pé bí erin bá dúró níwájú òun, òun ò lè rí i.