Báàgì Ìyàwó

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ìyá ọkọ gba báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó tú u sílẹ̀: tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, abẹ́rẹ́ òun òwú, fèrè.

“Ìyàwó wa, ilé ọkọ lò ń bọ̀ ni àbí ojú ogun?”

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń kó wọn padà.

“Ẹ má bínú, mà. Àdúrà mi ni pé n ò ní nílò wọn. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wọlé, èmi náà ò wọlé.”

Ìyá ọkọ tú kókó etí ìró rẹ̀, ó rọra ju kọ́kọ́rọ́ kan sínú báàgì náà.

“Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni,” ó sọ ọ́ sí i létí. “Ogún ọdún ni mo lò nílé yìí kí n tó ní tèmi.”