Ta Ló Bọ́ Ọya Láṣọ?

Kò sí ère ìmọ́lẹ̀ òrìṣà, àwòrán tí ẹ̀rọ fi ìmọ́lẹ̀ gbé dìde, tó ń wọ ilé tí ọmọdé wà bí àgbà olóòrìṣà kò bá kọ́kọ́ kí i. Ládépò, tó ń ṣe irú ère bẹ́ẹ̀ tà, tan tirẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìyá Àṣàbí, ọlọ́ya arúgbó, jó wọlé tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ń kọrin:

"Ọya ń bọ̀ o, ẹ di gèlè yín le!"

Ère Ṣàngó dìde, agbádá rẹ̀ balẹ̀, ó dáhùn bí ọba. Ó wá kan Ọya. Ìyá Àṣàbí kúnlẹ̀. Ère náà, tí kò ní ju àkísà ìdí lára, ṣẹ́jú sí i, ó sì ju ìdí.

Arúgbó náà kọjú sí Ládépò.

"Ládépò, ṣé aṣọ tán nígbà tó kan ìyàwó ni?"

Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n arúgbó náà kò dúró gbọ́.

Ìyá Àṣàbí ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bo ère. Ìborùn gba inú ìmọ́lẹ̀ kọjá, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣà á, ó tún bò ó. Ó tún bọ́.

"Ìyá mi, má bínú," ló ń sọ fún ère. "Ta ló bọ́ ọ sí ìhòòhò báyìí?"

Ládépò kò lè gbójú sókè.

"Èmi ni, Màmá," ó ní, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ́.